Ṣé abẹ́rẹ́ gbígbẹ kì í ṣe abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Àkúrẹ́

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni èjìká mi ọ̀tún ti ń dùn mí dé abẹ́ etí, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ẹ̀bátí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lápá ibẹ̀. Mo ti fi róòbù pa á, mo ti lo oògùn ìrora títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Olùtọ́jú iṣan (physiotherapist) tí wọ́n júwe fún mi lápá Alágbàká tẹ èjìká náà, ó ní kókó wà nínú rẹ̀, ó sì ní òun yóò fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un láìfi oògùn kankan sí i. Dry needling, ìyẹn abẹ́rẹ́ gbígbẹ, ni ó pè é. Àbúrò mi tí ó wà ní Èkó ní irọ́ ni, ó ní acupuncture àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà kí wọ́n lè rí owó gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì sọ pé bí ó bá ti jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà, ẹ̀sìn wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀? Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ sọ ọ́ kí n lè mọ ibi tí n óò kó owó mi lọ.

* * *

Èsì

Abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan ni kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Bí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ tí mò ń lò ní Àkúrẹ́ níbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí oníṣègùn ará Ṣáínà ń lò, ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ẹnìkọ̀ọ̀kan wa. Kò ní ihò nínú bíi ti abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń fa oògùn, ìnípọn rẹ̀ kì í sì í sábà ju 0.3 mìlímítà lọ. Àbúrò yín kò parọ́ títí dé ibẹ̀.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ ń wá nínú ara yín. Ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà gbà pé agbára ìyè kan wà tí wọ́n ń pè ní qi, pé ó ń gba àwọn ipa ọ̀nà kan kọjá nínú ara, àti pé ibi tí ó bá dí ni àìsàn ti ń wá. Ojú ibi 361 ni wọ́n tò sí orí àwọn ipa ọ̀nà náà. Bí ẹ bá gbé èjìká yín tọ̀ ọ́ lọ, ó lè di ọrùn ọwọ́ yín mú láti gbọ́ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, ó lè ní kí ẹ yọ ahọ́n síta, lẹ́yìn náà ó lè gún yín láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, tàbí ní ẹsẹ̀ pàápàá, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n.

Èmi kò ní yẹ ahọ́n yín wò. Èjìká náà ni n óò máa fi ìka wá kiri títí ọwọ́ mi yóò fi ba ibi kan nínú ẹran ara tí ó le tantan, bí okùn tí ewúrẹ́ ń fà lórí ìso. Lórí okùn náà, ibì kan á wà tí ó jẹ́ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó pariwo, ẹ ó sì sọ pé, “Ibẹ̀ ni! Ó ń lọ sí ẹ̀bátí mi!” Iṣan tí ó tẹ́ láti ẹ̀yìn orí wá sí èjìká mọ irú iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa: òun ni ó ní kókó, ẹ̀bátí ni ó ń rán ìrora sí. Ojú kókó yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ mi ń lọ. Bí mo bá bá a, iṣan náà á ta fìrì lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ẹja bá fa ìwọ̀. N óò tì í wọlé, n óò fà á díẹ̀, n óò tún tì í, lẹ́yìn náà n óò yọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó ìṣẹ́jú kan lójú ibi kan.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó bi wá pé: abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, kí ni ó fẹ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń gba àkókò mi jù, nítorí pé lẹ́nu wa abẹ́rẹ́ àti oògùn inú rẹ̀ ti di ohun kan náà. Ẹni tí ó bá ní òun gba abẹ́rẹ́ lánàá, oògùn ni ó ń sọ. Ibi tí wọ́n ti pè é ní gbígbẹ náà nìyẹn, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí omi oògùn wà nínú rẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Dókítà Janet Travell, ẹni tí ó di dókítà Ààrẹ John F. Kennedy ní 1961, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa ya àwòrán ibi tí kókó inú iṣan kọ̀ọ̀kan máa ń rán ìrora lọ, abẹ́rẹ́ tí ó ní oògùn tí ń mú ara kú nínú ni ó sì ń gún sí wọn. Ní 1979, Karel Lewit, dókítà ará Czechoslovakia, tẹ àbọ̀ jáde lórí aláìsàn 241, ó ní abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà bí ó bá ṣe déédéé ojú ibi tí ó ń dùn jù lọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún sínú rẹ̀. Àwọn tí Lewit gún nìkan ni ó ròyìn o. Kò kó àwọn mìíràn tí kò gún síbẹ̀ láti fi wọ́n wéra, nítorí náà ẹ má ṣe fi àbọ̀ yẹn búra. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn àwọn Òyìnbó, kì í ṣe ní Ṣáínà.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe nínú ara: ó ń gún àwọn okùn ìmọ̀lára, wọ́n ń gbé ìró rẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ, ọpọlọ sì ń dín ariwo ìrora tí ń bọ̀ láti ibẹ̀ kù. Iṣan tí ó ti ń fà tẹ́lẹ̀ náà sì ń dẹ̀.

* * *

“Gbẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti ń ṣe é kí Òyìnbó tó dé.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ń sín gbẹ́rẹ́ fún làkúrègbé ń fi abẹ la awọ ara, ẹ̀tù ni ó sì ń fi ra ojú rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò sọ fún yín pé inú ẹ̀tù ni agbára wà, ọ̀nà tí ẹ̀tù fẹ́ gbà wọlé ni abẹ kàn là. Abẹ́rẹ́ olóògùn ti Travell ni gbẹ́rẹ́ jọ nígbà náà. Tiwa kò fi nǹkan kan sínú ara, kò sì la awọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá jáde kì í ju ìkán kan tí a ó fi òwú nù lọ, lọ́pọ̀ ìgbà kò tilẹ̀ sí rárá.

Bí a bá sì wà lórí ọ̀rọ̀ abẹ, ẹni tí ó ń fi abẹ kan sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn mẹ́ta láàárọ̀ lè fi kòkòrò HIV tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú ránṣẹ́ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó, a ó sì jù ú sínú àpótí rẹ̀. Ojú yín ni kí wọ́n ti já ọ̀rá rẹ̀. Bí ẹ bá bá a ní jíjá, ẹ dìde.

* * *

Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ yìí bínú sí èsì mi àkọ́kọ́. Ó ní mo ti ba ọjà jẹ́, ó ní kò sí ohun tí ó pa abẹ́rẹ́ gbígbẹ àti abẹ́rẹ́ Ṣáínà pọ̀ rárá àfi irin.

N kò gbà. Láti ayé Sun Simiao, oníṣègùn ará Ṣáínà tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ti ní irú ojú ibi kan tí wọn kò tò sí orí ipa ọ̀nà kankan, tí wọ́n ń pè ní ashi. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni pé wọ́n á máa tẹ ara aláìsàn kiri títí yóò fi ké. Ẹ sọ fún mi, kí ni èmi ń ṣe lórí èjìká ènìyàn ní gbogbo ọjọ́? Ní 1977, Ronald Melzack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé àwòrán kókó inú iṣan lé àwòrán ojú ibi àwọn ará Ṣáínà, wọ́n ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bára mu. Àwọn mìíràn ti ta ko ìṣirò yẹn láti ìgbà náà, wọ́n ní àwọn ojú ibi tí wọ́n kà mọ́ ọn kì í ṣe ti ìrora, mo sì rò pé wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kò sí ìbátan kankan ń purọ́ fún ara rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina, àjọ tí ń fún àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ Ṣáínà ní ìwé àṣẹ pe àjọ àwọn olùtọ́jú iṣan lẹ́jọ́, ó ní iṣẹ́ òun ni wọ́n jí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà dá a fún àwọn olùtọ́jú iṣan ní 2018. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí ó pẹjọ́ kì í ṣe asán o. Wọ́n ní àwọn ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lórí abẹ́rẹ́ nìkan, olùtọ́jú iṣan sì ń lọ sí ẹ̀kọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń bọ̀ wá gbé abẹ́rẹ́. Èsì tiwa ni pé kì í ṣe ìparí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni a fi mọ ibi tí egungun, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti okùn ìmọ̀lára wà. Ọdún márùn-ún ní yunifásítì ni a fi kọ́ ọ, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní UNIMED tiwa ní Oǹdó. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo mọ àwọn kan nínú wa tí n kò ní jẹ́ kí wọ́n gún ìyá mi.

* * *

Fún ìyá ti ṣọ́ọ̀ṣì: abẹ́rẹ́ Ṣáínà ní ìtàn nípa bí ayé ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀, bí ewé àti egbò ṣe ní i níbí, ṣùgbọ́n wọn kì í pe orúkọ òrìṣà kankan kí wọ́n tó gún un. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ kò tilẹ̀ mẹ́nu kan qi. Bí ọkàn yín kò bá ṣáà balẹ̀, ẹ má ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, iṣan rẹ̀ á máa le mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

* * *

Ẹnìkan ní kí n sọ bí ó ṣe ń rí lára, kí n yé sọ ìwé.

Mo bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, ní ọjọ́ orí tí ó yẹ kí n ti jókòó sílẹ̀ kí n máa ka ẹni tí ń gòkè. Lọ́jọ́ kẹta, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ọ̀tún ti di òkúta, n kò lè fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n dojú bolẹ̀. Ó fi sípíríìtì nù ún, ó gbé ọ̀pá róbà kékeré tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ lé awọ ara, ó fi ìka ta á lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò mọ ìgbà tí ó wọlé. Ìgbà tí ó tì í kan kókó ni mo mọ̀: ẹsẹ̀ mi ta lórí ibùsùn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ìrora kan tí ó wúwo, tí kò mú, sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gìgísẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ta, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kò fi bẹ́ẹ̀ ta mọ́. Nígbà tí mo dìde, mo lè tẹ gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ kejì ni ibẹ̀ ń ro mí bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ta mí nínú bọ́ọ̀lù.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ Ṣáínà náà rí ní Èkó, fún ẹ̀yìn. Ìyẹn kò fi ara jọ ọ́. Wọ́n pa iná, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bíi mẹ́wàá sí mi lára, oorun sì gbé mi lọ. Ẹ̀yìn náà fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ ni tàbí oorun, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti sùn lọ́sàn-án gbẹ̀yìn.

* * *

Ewu. Ẹnìkan ní kò sí, ó ní “abẹ́rẹ́ kékeré lásán ni.”

Èjìká tí a ń sọ yìí gan-an ni ó ní ewu jù. Orí ẹ̀dọ̀fóró ga ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, ó yọ díẹ̀ kọjá egungun tí ó wà níwájú èjìká. Ẹni tí ó bá gbé abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán, tí ó sì tì í wọlé níbẹ̀, lè lu ẹ̀dọ̀fóró, kí afẹ́fẹ́ jò sínú àyà, kí èémí má lè lọ dáadáa mọ́. Kò wọ́pọ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lo abẹ́rẹ́ Ṣáínà àti lọ́wọ́ tiwa bákan náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ rí ni pé ẹni náà fi àtàǹpàkò àti ìka fa ẹran èjìká yín sókè kúrò lára ìhà, kí ó sì jẹ́ àárín ìka méjèèjì ni abẹ́rẹ́ ń gbà. Bí àyà bá ń dùn yín lẹ́yìn rẹ̀, tí èémí yín sì ń kúrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ délé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ máa wò ó.

Ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gún yín bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí àtọ̀gbẹ yín kò bá sí ní ìkáwọ́. Ẹ jẹun pẹ̀lú. Èyí tí mo ṣe ni mo fi ń sọ ọ́: ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àgbẹ̀ oníkòkó kan wá láti ọ̀nà Oǹdó láàárọ̀ kùtù, mo ní kí ó jókòó sórí àga, mo gún ọrùn rẹ̀, ọkùnrin náà sì dákú sí mi lọ́wọ́. Kò tíì jẹun láti alẹ́ àná, n kò sì bi í. Láti ọjọ́ náà, ìdùbúlẹ̀ ni mo ń gún gbogbo ènìyàn, ìbéèrè oúnjẹ ni mo sì ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

* * *

“Ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kò sọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ jù.”

Nítorí pé kò sí èyí tí ó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Àkójọpọ̀ ìwádìí 39 tí ó jáde ní 2018, tí aláìsàn inú rẹ̀ jẹ́ 20,827, fi hàn pé fún ìrora tí ó ti pẹ́, abẹ́rẹ́ Ṣáínà ṣe ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ, ìyẹn èyí tí kò wọlé tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gún síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó fi jù ú. Èyí tí ó fi ju pé kí wọ́n má gún ẹni rárá ni ó pọ̀. Fún abẹ́rẹ́ gbígbẹ, ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ìrora ọrùn àti èjìká kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èrè rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò hàn gbangba. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń jiyàn pé kókó tí a ń wá kiri yẹn kì í ṣe orísun ìrora náà rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NICE tí ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà sọ ní 2016 pé kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ Ṣáínà tọ́jú ẹ̀yìn dídùn. Ní 2021, fún oríṣi ìrora kan tí ó pẹ́ tí a kò rí ìdí rẹ̀, àjọ kan náà ní wọ́n lè lò ó. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé inú gbólóhùn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: “abẹ́rẹ́ Ṣáínà tàbí abẹ́rẹ́ gbígbẹ.” Àwa ń bá ara wa jà, wọ́n fi “tàbí” kan ṣoṣo so wá pọ̀.

* * *

Aránṣọ náà padà wá

Wọ́n ti gún un lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú mi ni ó ti já abẹ́rẹ́, ó sì fa ẹran náà sókè bí ẹ ṣe wí. Èjìká ta bí ìgbà tí iná bá gbé ènìyàn. Ó ro mí di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà mo lè yí ọrùn, ẹ̀bátí mi kò fọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lánàá ni ó tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo jókòó sí ìdí aṣọ ẹbí ogójì. Ṣé kí n lọ sọ́dọ̀ ará Ṣáínà báyìí?

* * *

Èsì

Rárá o, ìyá. Ọjọ́ márùn-ún ni abẹ́rẹ́ yá yín, lọ́jọ́ kẹfà ẹ gbé èjìká náà padà lọ síbi tí ó ti rí kókó. Ará Ṣáínà náà á tún yá yín ní ọjọ́ mélòó kan, aṣọ ẹbí yóò sì gbà á padà.

Ẹ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ yín bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ọmọ iṣẹ́ yín ya fọ́tò yín láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ yín bá wà nísàlẹ̀ ju orí tábìlì ẹ̀rọ lọ, èjìká ni ẹ fi ń gbé apá sókè láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ fi ìtìmùtìmù líle tàbí pákó gbé àga náà ga títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi bá tábìlì dọ́gba. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá wá tẹ pẹ́dà dáadáa mọ́, ẹ gbé nǹkan sábẹ́ pẹ́dà náà. Lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dìde, kí ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè kan etí, kí ẹ sì sọ wọ́n kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ ní kí ẹni tí ó gún yín kọ́ yín ní eré ìmárale tí yóò fún iṣan náà lágbára. Bí ó bá ní abẹ́rẹ́ nìkan ni òun ń ṣe, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síbí kí ẹ tó san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ẹnikẹ́ni.